Ìfun dí, dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni: ohun tí ẹbí gbọ́dọ̀ mọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé

Ikùn tó wú le koko, tí ẹni tó ni ín kò ṣu, tí kò sì só láti ìjẹta, ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àgbo. Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì báyìí, ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi nílùú Abẹ́òkúta yìí. Nínú àwọn tí ìfun dídí pa lójú mi, pípẹ́ ló pa púpọ̀ wọn, kì í ṣe ọ̀bẹ.

Ẹ̀yin tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni ọmọ, àbúrò, ìyàwó tàbí ọkọ tó jókòó síta wọ́ọ̀dù lóru, tí dókítà jáde wá bá, tó ní jẹjẹrẹ ló dí ìfun Màmá, tíátà ti yá, ẹ wá fọwọ́ síwèé. Màmá fúnra rẹ̀ á ti rẹ̀ kọjá ẹni tí yóò máa wádìí ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ ó bá a wádìí, bẹ́ẹ̀ òwò yín ni aṣọ tàbí gààrí, ẹ ò kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Dókítà tó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ ló ní ìdájọ́ ìkẹyìn. Iṣẹ́ tèmi ni kí ohun tó ń sọ má ṣe ṣàjèjì sí yín.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ìfun ńlá gùn tó mítà kan àbọ̀. Apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ikùn ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ìfun kékeré ti wọ inú rẹ̀. Ó gòkè lọ sábẹ́ ẹ̀dọ̀, ó dábùú kọjá sí òsì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì parí sí ihò ìdí. Lápá ọ̀tún, ìgbẹ́ ṣì rọ̀, ihò ìfun sì fẹ̀, nítorí náà jẹjẹrẹ lè máa dàgbà níbẹ̀ pẹ́ kí ó tó dí i. Àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àárẹ̀ la sábà máa ń rí ṣáájú. Lápá òsì, ihò kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ sì ti ń le. Ibẹ̀ ló ti ń tètè dí.

Ẹni náà á ti máa rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ fún oṣù mélòó kan. Ìgbẹ́ rẹ̀ á máa tín-ín-rín sí i, inú á dí lónìí, á ṣí lọ́la, á sì máa rù. Gbogbo ilé á pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹni tó bá sì wá jẹ̀díjẹ̀dí ní Abẹ́òkúta kò ní wá oníṣègùn rẹ̀ tì. Láti Kútọ̀ dé Lafẹ́nwá, àgbo jẹ̀dí wà nínú ìgò lójú ọ̀nà. Mi ò bá alágbo jà. Ohun tí mò ń wí ni pé ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, tí ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, kí dókítà ti ìka bọ ìdí rẹ̀ wò, kí wọ́n sì fi kámẹ́rà wo inú ìfun rẹ̀, kí a tó sọ pé jẹ̀dí ni.

Tí ìfun bá wá dí pátápátá, ẹ má fún un ní oògùn tó ń mú ni yàgbẹ́. Ẹ má fi omi ọṣẹ fọ ìdí rẹ̀. Ẹ má fún un lóúnjẹ “kí ó lè lágbára”. Ìfun tó wà lókè ibi tó dí á kàn máa fún ara rẹ̀ kíkan-kíkan ni, kò ní rí ibi tí yóò gbé ẹrù rẹ̀ sí, ó sì lè bẹ́. Ẹ má sì fi àìbì tú ara yín nínú: nígbà tó bá jẹ́ ìfun ńlá ló dí, èébì máa ń pẹ́ kí ó tó dé. Ìrora tó ń wá tó ń lọ ni ti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ìrora náà bá di èyí tí kò dáwọ́ dúró, tí ibà dé, tí àyà ń sáré, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ikùn òun, ó ṣeé ṣe kí ìfun ti máa kú tàbí kí ó ti bẹ́. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ẹ má tún gba ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò kọjá nítorí pé ó sún mọ́ yín. Ibi tí dókítà oníṣẹ́ abẹ àti dókítà tó ń kunni lóorun wà ni kí ẹ dorí kọ: FMC ní Ìdí-Aba, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìjàyè. Ìdí-Aba tiwa ni mo wí o, kì í ṣe Ìdí-Àràbà ti Èkó. Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun máa ń da méjèèjì pọ̀ lórí fóònù, ariwo á sì sọ. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání sínú nylon kan, pàápàá ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìtọ̀ ṣúgà àti èyíkéyìí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ kó àbájáde àyẹ̀wò àtijọ́ náà.

“Láti àárọ̀, omi nìkan ni wọ́n ń fà sí i lára”

Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí ju bí mo ṣe lè kà lọ, ìbínú ló sì máa ń bá a wá. Ẹni tí ìfun rẹ̀ dí ti ń sọ omi ara nù sínú ìfun náà láti ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ki, iyọ̀ ara rẹ̀ ti dàrú, potassium ni pàtàkì, bẹ́ẹ̀ potassium tó lọ sílẹ̀ lè dá ọkàn dúró lórí tábìlì tíátà. Omi tí wọ́n ń fà sí i lára yẹn ti jẹ́ apá kan iṣẹ́ abẹ. Wọ́n á ti rọ́bà gba imú rẹ̀ lọ sínú ikùn kí ohun tó ti kó jọ síbẹ̀ lè máa jáde, kí ó má bì í sínú ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí wọ́n bá ń kùn ún lóorun. Wọ́n á ti rọ́bà mìíràn sójú ìtọ̀. Ìtọ̀ inú báàgì yẹn ni à ń wò láti mọ̀ bóyá omi ti tó: ẹni tó wúwo tó kílò 60 gbọ́dọ̀ máa tọ̀ tó mílílítà 30, ó kéré tán, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Tí nọ́ọ̀sì bá ní kí ẹ má da ìtọ̀ náà nù kí òun tó wọ̀n ọ́n, ẹ gbà fún un.

Wọ́n á ya X-ray, wọ́n á sì ṣe CT scan tí ara aláìsàn bá gbà á. CT ló máa fi ibi tí kókó jẹjẹrẹ náà wà hàn, bóyá ó ti ràn dé ẹ̀dọ̀, àti bí orí ìfun ńlá ti wú tó. Orí ìfun yẹn, lápá ọ̀tún, ló tinrin jù, tó sì fẹ̀ jù. Bí tiyúbù táyà tí vulcanizer fún ní afẹ́fẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, ibi tó ti wú jù ló máa kọ́kọ́ bẹ́, kódà kí ohun tó dí ìfun wà lápá òsì. Tí fífẹ̀ rẹ̀ bá ti ń sún mọ́ sẹ̀ǹtímítà 12, tàbí tó ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí yára. Ohun tó ń lé wọn nìyẹn.

Lásìkò yìí, iṣẹ́ pọ̀ fún ẹbí. Ẹ̀jẹ̀ ni àkọ́kọ́: ẹ pe àwọn géńdé ilé tó ti pé ọdún 18, tí wọ́n sì wúwo ju kílò 50 lọ, kí wọ́n lọ sí báńkì ẹ̀jẹ̀ lójú ọ̀sán, ẹ má jẹ́ kí ó di aago méjì òru. Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa bá dókítà sọ̀rọ̀. Tí ẹ̀gbọ́n, àbúrò, pásítọ̀ àti ìyàwó ilé bá ń béèrè ohun kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìdáhùn mẹ́rin lẹ ó kó délé, ìjà á sì bẹ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìṣedúró ìlera ló ń lò, kí ẹnì kan tètè kàn sí HMO rẹ̀ fún kóòdù àṣẹ, nítorí ohun tí ẹ ti fi owó ọwọ́ san kì í rọrùn láti gbà padà.

Nǹkan mìíràn wà tí ẹbí kì í mọ̀ láti béèrè. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń fa ẹnu ìfun jáde sórí ikùn, kí ìgbẹ́ máa bọ́ sínú báàgì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ní kí wọ́n sàmì síbi tí báàgì yìí máa wà lára ikùn kí aláìsàn tó wọ tíátà, bóyá báàgì máa wà o, bóyá kò ní sí. Wọ́n á ní kí ó jókòó, kí ó dìde, kí ó tẹ̀ díẹ̀ tó bá lè ṣe é, wọ́n á sì fi bírò sàmì síbi tí ojú rẹ̀ máa rí, tí kò sí nínú ìṣẹ́po ara, tí kò sì bọ́ sórí ìlà tí ó ti máa ń so ìró tàbí okùn ṣòkòtò. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹni tí wọ́n fa ìfun rẹ̀ jáde sábẹ́ ìlà ìró, ojoojúmọ́ ni báàgì rẹ̀ á máa ṣí.

Ohun tó ń pinnu irú iṣẹ́ abẹ tó máa jẹ́

Mẹ́ta ni: ibi tí kókó wà, ipò tí ìfun tó wà lókè rẹ̀ wà, àti bí agbára aláìsàn ti tó lọ́jọ́ náà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ẹbí máa ń gbàgbé. Iṣẹ́ tó dára fún ọ̀dọ́kùnrin tó rìn wọlé lè pa bàbá ẹni ọdún 78 tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ láti alẹ́ àná. Àfojúsùn méjì ló wà, wọn ò sì dọ́gba: kí ẹ̀mí má bọ́ ni èkíní, kí a yọ jẹjẹrẹ ni èkejì. Dókítà tó mọṣẹ́ máa ń fi èkejì sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn tí èkíní bá wà nínú ewu.

Tó bá jẹ́ apá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ náà kì í le jù. Lórí ìwé, ẹ ó rí “right hemicolectomy”. Wọ́n á gé apá ọ̀tún ìfun ńlá kúrò pẹ̀lú ìparí ìfun kékeré àti àwọn kókó omi ara (lymph nodes, kókó kéékèèké tí jẹjẹrẹ lè ràn dé) tó yí i ká, wọ́n á sì rán ìfun kékeré mọ́ ìyókù ìfun ńlá. Ẹ̀jẹ̀ máa ń dé ibi tí wọ́n rán yìí dáadáa, nítorí náà púpọ̀ nínú wọn ni kì í gbé báàgì. Tí ìfun bá ti bẹ́, tàbí tí ara aláìsàn kò balẹ̀ rárá, wọ́n lè má rán an lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fa ẹnu ìfun jáde sórí ikùn. Kókó tó wà láàárín, níbi tí ìfun ti dábùú ikùn, náà kì í ṣòro jù: wọ́n á kàn fa ojú gígé náà gùn sí òsì ni.

Apá òsì ni ìjà wà. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ tí ẹbí ń kúnlẹ̀: “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa rán an papọ̀, ẹ má fi báàgì sí i lára.” Ẹ dìde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ń bẹ̀ ẹ́ fún.

Ìfun tó ti wú fún ọjọ́ mẹ́ta, ògiri rẹ̀ ti kún fún omi, ìgbẹ́ kún inú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì dé ibẹ̀ bó ṣe yẹ. Tí wọ́n bá rán irú ìfun bẹ́ẹ̀ pọ̀ lára ẹni tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ojú ìrán náà lè jò. Tí ó bá jò, ìgbẹ́ ń dà sínú ikùn nìyẹn, iṣẹ́ abẹ kejì á tẹ̀ lé e, nínú ara tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti tọ́jú ẹni tí ojú ìrán rẹ̀ jò. Mo ti tọ́jú ẹni tó gbé báàgì lọ sílé. Tí wọ́n bá ní kí n yan fún ìyá mi, mi ò ní ronú ẹ̀ẹ̀mejì.

Ọgbọ́n tí Henri Hartmann, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, gbé kalẹ̀ ní 1921 ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́ abẹ Hartmann títí dòní. Wọ́n á gé ibi tí jẹjẹrẹ wà kúrò, wọ́n á rán ẹnu ìfun tó kù nísàlẹ̀ pa, wọ́n á sì fa ẹnu ìfun òkè jáde sápá òsì ikùn, níbi tí ìgbẹ́ á ti máa bọ́ sínú báàgì. Wọ́n ń pe ẹnu yẹn ní colostomy. Kò sí ojú ìrán tó lè jò sínú, jẹjẹrẹ ti kúrò, ẹ̀mí sì wà. Wọ́n lè dá a padà sínú ikùn, kí wọ́n so ìfun pọ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, tàbí lẹ́yìn tí oògùn jẹjẹrẹ bá parí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ òtítọ́ yìí kí ẹ tó fọwọ́ síwèé: púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn ni kì í padà wá ṣe é. Àwọn kan kò ní agbára iṣẹ́ abẹ ńlá mìíràn, àwọn kan kò rówó, àwọn kan ti mọ́ ọn lára. Ẹ má fọwọ́ síwèé pẹ̀lú ìlérí “oṣù mẹ́ta péré” lọ́kàn.

Tí ara aláìsàn bá balẹ̀, tí ìfun kò tíì bàjẹ́, tí dókítà tó mọ iṣẹ́ ìfun dáadáa ló sì wà níbẹ̀, wọ́n lè gé e kí wọ́n sì rán an papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà mìíràn wọ́n á fa ìfun kékeré jáde lápá ọ̀tún fún ìgbà díẹ̀ kí ìgbẹ́ má baà gba ojú ìrán kọjá títí yóò fi jinná. Ileostomy nìyẹn. Ó rọrùn láti dá padà ju ti Hartmann lọ, nítorí kì í sábà gba kí wọ́n tún la gbogbo ikùn. Kí ó má yà yín lẹ́nu, nígbà náà, tí wọ́n bá rán an tán tí báàgì ṣì wà.

Tí orí ìfun lápá ọ̀tún bá ti ń dúdú tàbí tó ti bẹ́ nígbà tí jẹjẹrẹ wà lápá òsì, tàbí tí wọ́n bá rí kókó méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n lè gé èyí tó pọ̀ jù nínú ìfun ńlá kúrò kí wọ́n so ìfun kékeré mọ́ ìfun ìdí. “Subtotal colectomy” ni wọ́n máa kọ. Èèyàn lè gbé ayé láìní ìfun ńlá. Ìgbẹ́ rẹ̀ á kàn máa rọ̀, á sì máa lọ ní ìgbà mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lójúmọ́, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wa dánfó láti Abẹ́òkúta lọ sí Èkó gbọ́dọ̀ mọ èyí ṣáájú.

Kókó tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, nínú ìfun ìdí, yàtọ̀. Wọn kì í sábà gé e lóru pàjáwìrì. Wọ́n á kàn fa ìfun jáde sókè ibi tó dí kí ìgbẹ́ lè rí ọ̀nà, kókó náà á wà níbẹ̀, aláìsàn á lọ gba ìtọ́jú onítànṣán àti oògùn kí ó lè súnkì, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ abẹ tòótọ́. Ẹbí máa ń rò pé wọ́n la ikùn lásán ni. Wọn ò là á lásán. Láti Abẹ́òkúta, UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH l'Ékòó ni ọ̀pọ̀ ń lọ fún ìtànṣán; kí ẹ ti máa ro owó ọkọ̀ àti ibi tí ẹ ó dé sí níbẹ̀.

Stent: páìpù wáyà tí wọ́n ń fi kámẹ́rà tì gba ìdí wọlé, tó ń fẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín kókó kí ìgbẹ́ lè kọjá. Níbi tí irinṣẹ́ àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò bá wà, ó lè fún ara ní àyè láti balẹ̀, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó dúró báyìí fún ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ti ràn jìnnà. Apá òsì ni wọ́n ti ń lò ó jù. Ó lè lu ìfun, bẹ́ẹ̀ ni kò sì bá kókó tó sún mọ́ ihò ìdí jù lára mu, ìrora rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn jókòó. Ẹ béèrè, ṣùgbọ́n tí ìfun bá ti ń bẹ́, ẹ má gbé e rìn káàkiri nítorí stent.

Tí wọ́n bá la ikùn tí kókó ti lẹ̀ mọ́ ohun tí kò ṣeé gé, wọ́n lè so ìfun tó wà lókè mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ kí oúnjẹ yí kókó náà sílẹ̀ kọjá, tàbí kí wọ́n fa ẹnu ìfun jáde nìkan. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ọ̀bẹ kò ní ṣe wọ́n lóore kankan mọ́: ibi púpọ̀ ló ti dí, omi kún ikùn, ara ti gbẹ. Oògùn tó ń pa ìrora àti èébì, rọ́bà imú, àti ẹni tí yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú, ni ìtọ́jú tirẹ̀. Dókítà tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín kò lé yín dànù. Ó máa ń gba ìgboyà láti sọ ọ́.

Ẹ bi í léèrè pé: ibo ni kókó náà wà, ṣé ó ti ràn? Ṣé gígé ni lónìí, àbí títú ìfun sílẹ̀ ná? Ṣé báàgì máa wà, irú wo, ṣé ó ṣeé dá padà? Tí ẹ bá là á tí ohun tí ẹ bá níbẹ̀ bá yàtọ̀, kí lẹ ó ṣe? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí ìgbà tí wọ́n bá là á ni òtítọ́ máa ń hàn. Kò sí bí dókítà ṣe máa bọ́ ibọ̀wọ́ sílẹ̀ wá pe ìpàdé ẹbí síta.

Ìgbé ayé pẹ̀lú báàgì

Màmá alàdìrẹ kan wà ní Ìtòkú tó so ìró rẹ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin lẹ́yìn Hartmann, tó padà sí ìdí ọjà, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ò sì mọ nǹkan kan. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ní kí ó jókòó sílé, ó ní: “Ìwọ lo máa bá mi ta á ni?”

Ẹnu ìfun gbọ́dọ̀ pupa, kí ó sì máa dán. Wíwú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe wàhálà, kò sì ní dùn ún tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Tó bá dúdú tàbí tó di àwọ̀ eérú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ gé ihò àlẹ̀mọ́ báàgì kí ó fi mílílímítà méjì tàbí mẹ́ta péré ju ẹnu ìfun lọ. Tó bá fẹ̀ jù, ìgbẹ́ á máa jẹ awọ ara. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi fọ àyíká rẹ̀, láìsí Dettol, kí ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Ẹ da ohun inú báàgì nù nígbà tó bá kún dé ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí ìlàjì, kí ó má wúwo jábọ́. Owó báàgì kì í ṣe kékeré, ó sì máa ń wọ́n lọ́jà nígbà mìíràn. Ẹ ra ti oṣù kan kalẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n tí wọ́n fún yín sílẹ̀.

Ti ileostomy gba ìṣọ́ra jù, nítorí omi ló ń jáde níbẹ̀. Tó bá ń kọjá lítà kan àbọ̀ lójúmọ́, tí ẹnu gbẹ, tí ìtọ̀ dín kù, ẹ pe dókítà, ẹ sì fún un ní omi ORS. Omi lásán nìkan kò tó; tó bá pọ̀ jù, ó tilẹ̀ lè mú kí èyí tó ń jáde pọ̀ sí i. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ àkọ́kọ́, kí ó yẹra fún àgbàdo, àgbọn, ẹ̀pà àti ẹran tó ní iṣan, wọ́n lè dí ẹnu kékeré yẹn. Àwa Ẹ̀gbá kì í fẹ́ gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fòfin de làfún. Ẹ fọkàn balẹ̀, làfún rírọ̀ pẹ̀lú ewédú tí a lọ̀ kúnná, díẹ̀díẹ̀, kò burú. Ẹ̀wà á mú kí báàgì wú fún afẹ́fẹ́. Kò léwu, ìtìjú rẹ̀ nìkan ni, pàápàá nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn Mùsùlùmí máa ń bi mí nípa ìrun. Mi ò kì í ṣe ààfáà, ṣùgbọ́n gbogbo ààfáà tí mo rán wọn sí ló sọ pé ìrọ̀rùn wà fún ẹni tí kò lè dá ohun tó ń jáde lára rẹ̀ dúró. Ẹ lọ bá tiyín.

Lẹ́yìn tíátà

“Ṣé ẹ ti só?” Gbogbo àárọ̀ ni a ó máa béèrè, àwọn ọmọ á sì máa rẹ́rìn-ín. Afẹ́fẹ́ tó kọ́kọ́ jáde, láti ìdí tàbí sínú báàgì, ló ń sọ fún wa pé ìfun ti jí. Kí ó dìde rìn láàárín wọ́ọ̀dù ní kété tí wọ́n bá gbà á láàyè, kódà tó bá ń kérora, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Fún ẹni tí wọ́n rán ìfun rẹ̀ papọ̀, ẹ ṣọ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dáadáa, pàápàá láti ọjọ́ karùn-ún lọ: ibà, àyà tó ń sáré, ikùn tó tún wú, ìrora tó ń pọ̀ sí i. Ẹ má dúró de wíwọlé dókítà láàárọ̀.

Ẹran tí wọ́n gé ńkọ́? Lọ́pọ̀ ibi, ẹbí ni wọ́n ń gbé e fún kí wọ́n gbé e lọ síbi àyẹ̀wò. Kí ó wà nínú ike ọlọ́mọrí tí fọ́málíìnì (omi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà) inú rẹ̀ pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà, kí orúkọ, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti gé e wà lára rẹ̀. Ẹ má fi omi sí i, ẹ má gbé e sí firísà. Mo ti rí èyí tó jókòó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí ó fi jẹrà nítorí pé kò sẹ́ni tó san owó àyẹ̀wò. Láìsí àbájáde yẹn, dókítà jẹjẹrẹ kò ní mọ ìpele tó wà. Nígbà tó bá jáde, ẹ wo bóyá wọ́n ka kókó omi ara tó 12, ó kéré tán. Ìfun tó dí jẹ́ àmì pé àrùn náà lè padà, nítorí náà wọ́n lè ní kí ó gba oògùn jẹjẹrẹ kódà tí kókó omi ara bá mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló dára kí ó bẹ̀rẹ̀.

Kámẹ́rà kù. Kókó tó dí ọ̀nà kò jẹ́ kí wọ́n rí ìyókù ìfun, nítorí náà kí wọ́n fi kámẹ́rà wo gbogbo rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ó ṣeé gba ẹnu colostomy wọlé. Tí wọ́n bá ń gbèrò láti dá Hartmann padà, èyí ló máa ṣáájú.

Àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kọ ọjọ́ orí rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rí jẹjẹrẹ náà sílẹ̀, kí ẹ yọ mẹ́wàá kúrò. Ìyẹn tàbí ọdún 40, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì, ni ọjọ́ orí tí ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ ti lọ fi kámẹ́rà wo ìfun tirẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹni ọdún 46 ni wọ́n rí i lára rẹ̀, ọdún 36 ni. Ẹ pe àbúrò tó wà ní Adátán, tó ń sọ pé kò sí ohun tó ń ṣe òun, kí ẹ sọ nọ́ńbà yẹn fún un.